Ta Ni Yóò Já Bọ́ọ̀lù Gbà Lókè?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Èrò tó lé ní 90,000 kún pápá ìṣeré MCG ní Melbourne níbí fọ́fọ́ láti wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia. Èmi àti bàbá arúgbó tí ilé wa kángun síra wọn jókòó sí òkè pátápátá, níbi tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, ikọ̀ Melbourne tiwa ló ń ṣíwájú. Àfi bí Blake Acres ti Carlton ṣe gbá tirẹ̀ wọlé. Nígbà tí fèrè ìparí dún, mo gbójú sókè wo pátákó: Carlton 73, Melbourne 71. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 71 tiwa, wọ́n kọ 9.17 síbẹ̀: gòólù 9, bọ́ọ̀lù 17 tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ó bọ́ fìlà onírun àgùntàn pupa-òun-búlúù rẹ̀, ó fi nu ojú, ó tún un dé.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fẹ́ kọ nǹkan yìí.

Bàbá ni mo ń pè é. Ní 2016 tí a kó dé Tarneit, àdúgbò kan ní Melbourne, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Ta ni yóò máa la orúkọ mọ́ ẹni tó tó bàbá òun lọ́jọ́ orí? Ó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo sọ fún un, ó dákẹ́ díẹ̀, láti ìgbà náà ló ti ń dá mi lóhùn bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, òru ni mo sì sábà máa ń ṣe é. Nígbà tí ara bá ń ro mí, tí àárò ilé ń sọ mí, òun àti bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló ń mú mi jáde.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe èyí tí a mọ̀. Ó gùn gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, ènìyàn 18 ló ń ṣeré fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a. Òpó mẹ́rin ló dúró ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá fẹsẹ̀ gbá gba àárín méjì tó ga jù kọjá, àmì 6 ni. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́, àmì 1 péré. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù láti ibi tó tó mítà 15, tí o sì já a gbà lókè kó tó balẹ̀, o ti ṣe máàkì nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà ọ́ láàmú mọ́. Wàá fara balẹ̀, wàá mí, wàá wo òpó, wàá gbá tìrẹ. Ìdí rèé tí ikọ̀ méjìdínlógún tó wà nínú líìgì fi ń wá géńdé gíga tí yóò dúró níwájú. Bí kò bá tilẹ̀ rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jábọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá òun, kí àwọn kúkúrú tó yára ṣa á.

Melbourne ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní 2021. Ben Brown, ọmọ Tasmania, tó ga ní mítà méjì, tí irun orí rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Bó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, yóò kọ́kọ́ rìn jìnnà sẹ́yìn, yóò wá máa sáré bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọkàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lára èèyàn. Ní ìparí ìdíje ọdún náà, ó gbá 3 wọlé. Bayley Fritsch tí kò ga tó o gbá 6. Àmì 74 ni Melbourne fi borí Western Bulldogs. Perth ni wọ́n ti gbá a, nítorí kónílé-ó-gbélé ṣì há wa mọ́lé níbí. Èmi wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì tiwa, Bàbá wà lẹ́yìn tirẹ̀, a jọ ń pariwo. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n gba ife náà gbẹ̀yìn, ní 1964. Ọdún 57! Ó na ọwọ́ sókè fẹ́ǹsì, a kò lè bọ ara wa lọ́wọ́ nítorí àrùn, mo kàn na tèmi náà sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yìnrìn. Orúnkún Brown kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ẹsẹ̀ Tom McDonald, gíga mìíràn tó ń dúró níwájú, ṣèṣe ní 2022. Nígbà tí ọdún náà ń parí, àwọn gíga méjì mìíràn fi wá sílẹ̀: Sam Weideman gba ikọ̀ Essendon lọ, Luke Jackson gba Fremantle lọ. Wọ́n mú Brodie Grundy wá láti Collingwood pé kí òun àti Max Gawn jọ máa pín iṣẹ́ ẹni tó ń fò du bọ́ọ̀lù nígbà tí adájọ́ bá sọ ọ́ sókè, kí ọ̀kan máa lọ síwájú. Kò bọ́ sí i. Ọdún kan péré, ó ti gba ikọ̀ Sydney lọ. Wọ́n wá fa Harrison Petty jáde láti ọwọ́ ẹ̀yìn ní 2023, ó gbá 6 wọlé lójú Richmond, Bàbá ń fò bí ọmọdé. Kò pẹ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ṣèṣe. Jacob van Rooyen, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ipò 19 mú nígbà tí àwọn ikọ̀ ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 2021, ló kù. Òun náà kò sì sí lórí pápá ní alẹ́ tí mo sọ yẹn, torí wọ́n ti fòfin dè é fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nítorí bó ṣe kọlu Dan McStay ti Collingwood lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Èyí tó dun Bàbá jù ni ti Jesse Hogan. Melbourne ló tọ́ ọ dàgbà, wọ́n jẹ́ kó lọ ní ìparí 2018. Ní 2024, òun ló gba àmì ẹ̀yẹ Coleman, tí wọ́n ń fún ẹni tó gbá gòólù jù lọ, aṣọ ikọ̀ mìíràn, GWS, ló sì wọ̀ gbà á.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pé àwọn gíga nìkan ni kí a dá lẹ́bi. Ní 2023, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú alẹ́ Carlton yẹn, nígbà tí Collingwood fi 60 sí 53 borí wa, Melbourne gbé bọ́ọ̀lù wọ inú ìlà mítà 50 tó wà níwájú òpó nígbà 69, Collingwood gbé tiwọn wọ̀ ọ́ nígbà 37. Ẹ tún un kà. Gbogbo bọ́ọ̀lù yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé? Wọ́n ń gbá a sókè ràì nínú ìkánjú, ó ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé tó já, ọwọ́ ẹ̀yìn mẹ́ta sì ti dúró dè é, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a dànù. Òmìrán kan kò lè já irú rẹ̀ gbà. Gbogbo wa la rántí bí Rashidi Yekini ṣe di àwọ̀n mú tó ń sunkún ní 1994, lójú Bulgaria. Finidi ló fi bọ́ọ̀lù náà síbi tí Yekini kàn ní láti fẹsẹ̀ kàn án.

Ohun tó jẹ́ kó dá mi lójú ni ọmọ mi àgbà. Ó ti pé ọdún 16, ó ga ju bàbá rẹ̀ lọ ní orí kan gbáko. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú irin, wọn á bi í bóyá South Sudan ni wọ́n ti bí i, wọn á tún bi í bóyá basketball ló ń gbá. Nígbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, akọ́nimọ̀ọ́gbá kàn wo gíga rẹ̀, ó lọ fi í síwájú òpó. Mo máa ń ti ìsìn òwúrọ̀ jáde lọ síbẹ̀, pẹ̀lú gèlè lórí, nínú òtútù tó ń já sínú egungun. Bọ́ọ̀lù ń kọjá lórí rẹ̀, tàbí kó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára, ó mú un jókòó. Ọmọ náà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Inú bí mi, mo sì ṣì ń bínú.

Bàbá ló gbà á. Lójoojúmọ́, bí ọmọ bá ti iléèwé dé, yóò dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí i láti òkè fẹ́ǹsì náà. Ó fi hàn án bí àtàǹpàkò méjèèjì ṣe gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kí ìka yòókù là sílẹ̀. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò, kó gbé orúnkún kejì sókè, kó pàdé bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà, kó má dúró dè é. Mo ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: pàá, pàá, pàá. Nígbà mìíràn ìró náà á yí padà, n óò mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Melbourne ṣe ipò 14 ní 2024, ó tún ṣe ipò 14 ní 2025. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Simon Goodwin, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú Brody Mihocek wá láti Collingwood, ẹni ọdún 32 nígbà náà, láti wá ran van Rooyen lọ́wọ́ níwájú. Bàbá ní òun yóò wò ó. Orúnkún òun náà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà kò lè bá wa lọ síbi tí ọmọ ti ń gbá tirẹ̀ mọ́.

Bí a bá ti dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, yóò ti dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Kò bi wá rí bóyá wọ́n borí, kò bi wá iye tí ọmọ gbá wọlé. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í: “Ṣé wọ́n gbá a sí iwájú rẹ?”