Ọkọ̀ Tó Fọ́ ní Jẹ́bà

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fojú ara mi rí irin ọkọ̀ Dayspring. Ní Kubwa tí mo ń gbé ní Àbújá, bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi á bi mí pé kí ni ọkọ̀ òyìnbó tó ti òkun wá ń ṣe ní àárín ilẹ̀ Tápà. Odò Ọya ló gbé e dé ibẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Súlèjà, Lápáì, Àgáyè, Bídà, Mọ́kwà. Ọ̀nà náà gbò wá gan-an, ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé Jẹ́bà.

Erékùṣù Jẹ́bà ni àwókù ọkọ̀ náà wà, ó sì wà lára àwọn ohun ìrántí tí ìjọba àpapọ̀ dá sí. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí lè kọjá lára rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Èmi gbọ́wọ́ lé e, oòrùn ti mú un gbóná, mi ò sì tètè gbọ́wọ́ kúrò, torí pé Àjàyí Crowther wà nínú ọkọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, mú ọkọ̀ àwọn Potogí tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ̀ ojú omi ti di ọ̀kan. Ó bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya ní 1841, nígbà tí ibà pa òyìnbó tó lé ní 40. Ó tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ ní 1854. Lọ́tẹ̀ yẹn, Dókítà Baikie, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi, ń fún wọn ní kuníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tó kú. Nígbà tí Baikie tún gbéra ní 1857, Dayspring ni wọ́n wọ̀, Àjàyí sì tún bá wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì a háyà ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ bàbá Tápà kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó kọ́kọ́ fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kò sì tanná sí ẹ́ńjìnnì títí a fi so ó tán. Bí a ṣe kúrò lẹ́bàá afárá rélùwéè tí wọ́n parí ní 1916, Ketsa yọ sí wa: òkúta ńlá kan, ó dúró gbọingbọin láàárín omi. Gbogbo wa dákẹ́. Ibẹ̀ ni omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọkọ̀ wa.

"Bàbá, ṣé ibí ni?"

"Agbègbè ibí náà ni, ọmọ mi. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń fà?"

Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1857 ni omi gbá Dayspring lu àpáta, ó sì fọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ pàgọ́ sí etí odò fún nǹkan bí ọdún kan, títí ọkọ̀ Sunbeam fi wá kó wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gágun ojú omi tó ń jẹ́ Glover, fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí Èkó láti wá ohun èlò. Gólóbà tí ó wá di gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára gbọ̀ngàn ní Èkó, òun gan-an ni. Mo ti ń gbọ́ Gólóbà láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ tó fọ́ níhìn-ín ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí ojú ọ̀nà Èkó.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí omi máa gbé wa padà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ni ní ìtàn, bi í pé èèyàn mélòó ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ní mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi ronú kan àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a máa lọ, a máa bọ̀. Èló ni ẹ máa gbà?"