Déètì ò jẹ́ n rímú mí lórí àkójọ fọ́tò yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀, tábìlì ti wà nínú MySQL (ibi tí mò ń kó dátà pa mọ́ sí), fọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́, àwòrán kéékèèké náà ti ń jáde. Déètì ló kù, òun ló sì gba gbogbo alẹ́ mi.

Ọjọ́/oṣù/ọdún ni wọ́n kọ déètì sínú fáìlì CSV (fáìlì tábìlì tí àkọsílẹ̀ àwọn fọ́tò wà nínú ẹ̀) tí mo fẹ́ kó wọlé, MySQL sì fẹ́ ọdún-oṣù-ọjọ́. Kí n tó kó ohunkóhun wọlé mo fi strtotime, irinṣẹ́ inú èdè PHP tó ń sọ ọ̀rọ̀ di déètì, dán díẹ̀ wò, ló bá ń gbà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyẹn gan-an ni wàhálà! Strtotime, tó bá ti rí slash (/) báyìí, ìlànà Amẹ́ríkà ló máa bá lọ, oṣù ló máa kọ́kọ́ kà, àfi tó bá jẹ́ dash (-) ló rí ló tó máa fi ọjọ́ ṣáájú. Ni 05/04/2019 tó jẹ́ oṣù kẹrin bá di 2019-05-04, kò sí error, kò sí nǹkan kan. 23/04/2019 ní tiẹ̀, oṣù kẹtàlélógún ò sí láyé, ó dá false (ìyẹn ni pé kò rí i kà) padà, date() tó ń kọ déètì jáde wá sọ ọ́ di 1970-01-01. Ti 1970 yẹn ò tiẹ̀ dùn mí, ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn tí ọjọ́ wọn ò ju 12 lọ ni kó máa bà yín lẹ́rù.

Mo wá gbé e fún DateTimeImmutable::createFromFormat('!d/m/Y', $d), irinṣẹ́ PHP mìíràn tó ń jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe to déètì náà. Ẹ má yọ àmì ìyanu iwájú yẹn o, láìsí i, aago ìsinsìnyí ló máa lẹ̀ mọ́ déètì yín. Ẹ ṣọ́ lẹ́tà náà: m ni oṣù, i ni ìṣẹ́jú, M ni orúkọ oṣù bíi Apr.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀, àfi bí 31/02/2019 ṣe yọjú (ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló mọ ohun tó ń rò), PHP sì sọ ọ́ di 2019-03-03 láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kó tún déètì náà kọ jáde ní d/m/Y kí n fi wé ti fáìlì, tí wọn ò bá dọ́gba kó fò ó.

Ẹ dúró ná, bí mo ṣe ń tẹ èyí ni mo rántí pé 5/4/2019 náà wà níbẹ̀, kò sí òdo níwájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojúlówó déètì ni, yóò fò ó dànù. Ó dáa, getLastErrors(), tó ń sọ ẹ̀sùn tí PHP ní sí déètì tó kà kẹ́yìn, ni màá lò dípò ìfiwéra yẹn. Láti PHP 8.2, false ló ń dá padà tí kò bá sí ẹ̀sùn, array (àkójọ nǹkan) ló máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá ti fi èsì ẹ̀ sínú $e, $e && $e['warning_count'] ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀sùn wà, ó bá méjèèjì mu.

Ó wá ku àwọn fọ́tò àtijọ́ bíi 14/08/68. Y ńlá ò ní kà á bó ṣe yẹ, y kékeré sì máa sọ ọ́ di 2068, torí láàárín 1970 sí 2069 ló ń fi gbogbo ọdún onínọ́ńbà méjì sí. Èyí tó bá ti kọjá ọdún tá a wà yìí, màá yọ 100 kúrò nínú ẹ̀. Màá tún fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún tábìlì, kí déètì bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ọ̀la ni mo máa kó gbogbo ẹ̀ wọlé.