Kí Omi Gbó Kí Ẹja Tó Wọ̀ Ọ́

Ẹja wúrà mẹ́fà ni mo kọ́kọ́ rà wá sílé wa ní Ilé-Ifẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mẹ́rin fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọjọ́ tí mo ra àpótí gíláàsì náà ni mo pọn omi sí i, ọjọ́ náà ni mo da ẹja sí i. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí wàhálà kankan, kí n ṣáà ti máa pààrọ̀ omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, gbogbo wọn ti wá sójú omi, wọ́n ń yanu, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi ọ̀hún mọ́ gaara, kò rùn rárá. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n, mo bá tún bu oúnjẹ sí i. Àṣé mo ń fi kún ohun tó ń pa wọ́n ni.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ìhà Modákẹ́kẹ́ ló là mí lójú. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn tó kù sókè díẹ̀, ó ní kí n wo bí ibi tó fi ń mí ṣe pọ́n tó sì wú. Ó ní, “Àbúrò, omi rẹ ò tíì gbó.”

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí. Ẹja máa ń tú májèlé kan tí wọ́n ń pè ní amóníà jáde láti ibi tó fi ń mí, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù náà sì ń di amóníà bí wọ́n bá jẹrà. Ojú ò lè rí i nínú omi. Nínú odò, omi ń gbé e lọ. Nínú gíláàsì, ibo ló fẹ́ lọ? Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó jẹ́ pé amóníà yìí ni oúnjẹ wọn: wọ́n á sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Ọ̀wọ́ kejì á wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí ẹja lè fara dà bí kò bá pọ̀ jù. Ara kànìnkànìn fíltà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, àti ara òkúta ìsàlẹ̀ omi ni àwọn kòkòrò yìí ń gbé. Àpótí tuntun kò ní wọn, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó, ìyẹn ni pé kí omi tó gbó.

Nígbà kejì, mo fara balẹ̀. Mo ra gíláàsì tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 30, tó ga ní 35. Omi inú rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 60 kílò, torí náà ẹ má gbé e lé tábìlì tí kò nípọn. Mo fọ òkúta wẹ́wẹ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, mi ò fi ọṣẹ kàn án. Mo tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú kànìnkànìn, mo sì ń fọ́n oúnjẹ ẹja bíńtín sínú omi tí kò sí ẹja níbẹ̀, kó lè jẹrà. Àwọn ará ilé ń wò mí. Mo ń fi ìwé pélébé tí wọ́n fi ń dán omi wò yẹ̀ ẹ́ wò: amóníà kọ́kọ́ ga, náítíráìtì tẹ̀lé e, nígbà tó di ọjọ́ 38, àwọn méjèèjì ti wálẹ̀ sí òdo. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ra gọ́pì mẹ́fà, ẹja wẹ́wẹ́ kan tí kì í tóbi. Ẹja wúrà lè gùn ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Kì í ṣe ẹja ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí kékeré.

Omi kànga ni mo ń lò. Mo máa ń fà á sílẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ooru rẹ̀ lè bá ti inú gíláàsì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi onílé bóyá wọ́n ti da kúlórínì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí kànga, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Kúlórínì ń pa ẹja, ó sì ń pa àwọn kòkòrò tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dúró dè. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni mo ń yọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mi ò dà á nù tán láéláé. Inú omi tí mo yọ yẹn náà ni mo ti ń fún kànìnkànìn.

Bí iná bá lọ pẹ́, mi ò ní fún wọn lóúnjẹ. Mo ní ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré tó ń lo bátìrì. Kí n tó rà á, ife ni mo fi ń bu omi inú gíláàsì tí mo ń dà á padà láti òkè, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ní àsìkò ọyẹ́, mo ń fi aṣọ nípọn bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́.

Oúnjẹ ló fún mi níṣòro jù, torí Màmá. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, wọ́n á fọ́n búrẹ́dì sí i. “Ẹja yìí ń wojú mi, ebi ń pa á.” Ta ni yóò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, láti òní lọ, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún wọn.” Mo fún wọn ní ìdérí bírò pé ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ohun tí àwọn ẹja lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ni. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ ẹja nílé wa.

Màmá náà ló ní kí n wá ojú oró sójú omi, wọ́n ní ohun tó ń lékè omi kò gbọ́dọ̀ ṣàì sí níbẹ̀. Mo já díẹ̀ létí odò, mo fi í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbín àti kòkòrò má bàa bá a wọlé. Gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Gọ́pì kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí, òun fúnra rẹ̀ a sì máa jẹ ọmọ náà bí kò bá sí ibi ìsápamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, Màmá pè mí: “Wá ka àwọn tó wà lábẹ́ ojú oró yìí fún mi, ojú mi ò gbé e mọ́.”

Mọ́kàndínlógún ni mo kà.