Wọ́n bi ọkọ mi náà léèrè
Ọdún kẹta rèé tí a ti ń wá oyún, ẹ̀jẹ̀ tèmi nìkan sì ni wọ́n ń gbà fún àyẹ̀wò. Lánàá, dókítà kọjú sí ọkọ mi: “Ẹ̀yin ńkọ́ sà, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?” Ó na ọwọ́, dúdú ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Bátìrì mọ́tò ló ń tún ṣe, òjé ló ń yọ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Dókítà ní wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya 501 tó ń wá oyún ní Michigan àti Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín 2005 sí 2009, àwọn méjèèjì o. Bí òjé bá ṣe pọ̀ lẹ́jẹ̀ ọkọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń pẹ́ tó kí ìyàwó tó lóyún.

Omi bọ́ lójú mi. Èmi nìkan ni gbogbo ilé ti ń bá wí!

Lálẹ́, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. “Àdùkẹ́, ọ̀la ni màá lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi.”