Géètì tó wà lọ́nà Kenosha

Àárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin dé Kenosha Pass, ọ̀nà kan tó gba àárín òkè kọjá ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, mo sì mọ̀ ọ́n lára: bí mo ṣe tẹ̀ba de okùn bàtà mi báyìí, mo ti ń mí hẹlẹ. Àbúrò mi sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, èmi gbé àpò kọ́ èjìká.

Òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, èmi fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, ojú ọ̀nà kan náà ló gba àwa méjèèjì. Ohun tó mú mi fẹ́ràn Colorado Trail nìyẹn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, oníkẹ̀kẹ́, ẹlẹ́ṣin, gbogbo wa là ń tọ̀ ọ́, màlúù sì ń jẹko lọ́tùn-ún lósì. Òfin rẹ̀ kò le: oníkẹ̀kẹ́ á yà fún àwọn tó kù, ẹlẹ́sẹ̀ á yà fún ẹṣin. Àwọn ibì kan wà níwájú tí òfin ìdáàbòbò igbó ti ọdún 1964 ti yà sọ́tọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀, oníkẹ̀kẹ́ á sì gba ọ̀nà mìíràn yí i ká. Kò sí irú rẹ̀ níbi tí à ń lọ lọ́jọ́ náà.

Láti ẹ̀bá Denver títí dé Durango, ọ̀nà yìí gùn tó nǹkan bíi máìlì 485. Ọdún 1987 ni wọ́n là á já, àwọn tó fara wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gudy Gaskill ló sì ń kó wọn jáde lọ́dọọdún. Níbi tí ọ̀nà bá ti dagun, ẹ ó rí òkúta tí wọ́n tò dábùú rẹ̀ kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Mo dúró wo ọ̀kan pẹ́. Ẹnì kan ló gbé e síbẹ̀.

Igi aspen ló kún inú igbó náà. Ọ̀pá tín-ín-rín tó so ewé rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka rí pẹlẹbẹ, kò rí roboto, nítorí náà atẹ́gùn tí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ lára ti ń mú un gbọ̀n. Gbòǹgbò wọn so pọ̀ nísàlẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ igi tí ẹ rí lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ewé àwọn tó jẹ́ ẹyọ kan náà sì máa ń pa àwọ̀ dà pọ̀. Bí apá kan òkè ṣe pọ́n yòò bí òdòdó nìyẹn, tí èyí tó tẹ̀ lé e ṣì tutù yọ̀yọ̀.

A jáde nínú igbó sí pápá gbalasa, a rí àfonífojì South Park nísàlẹ̀, koríko lọ salalu títí dé ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni géètì wà. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹni tó bá kọjá tì í, síbẹ̀ a bá a ní ṣíṣí gbayawu. Ọmọ màlúù pupa kan wà lóde wáyà, ìyá rẹ̀ wà nínú, wọ́n ń ké sí ara wọn.

Inú bí mi gan-an. Ilẹ̀ ìjọba ni igbó náà, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́sìn gba ìwé àṣẹ, wọ́n ń sanwó kí màlúù wọn tó lè jẹko níbẹ̀. Ẹran tó bá sì jáde lè bọ́ sórí títì 285, níbi tí mọ́tò ti ń sáré àsápajúdé.

Àbúrò mi fẹ́ lé ọmọ màlúù náà. Mo ní, “Má ṣe bẹ́ẹ̀! Má bọ́ sáàárín òun àti ìyá rẹ̀.” Ibẹ̀ la wà tí ìyá àgbàlagbà kan fi gun ẹṣin dé. Ó ní ká bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ ọ̀nà, torí pé ẹṣin tó bá jáyà, òkè ló máa ń sá sí. Ó tún ní ká máa sọ̀rọ̀, kí ẹṣin lè mọ̀ pé ènìyàn ló wà lábẹ́ àpò ńlá yẹn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni “Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà,” mo sì ń tún un sọ. Ẹṣin náà yí etí sí mi, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá náà fi ẹṣin yí ọmọ màlúù ká láti òkèèrè, wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo rárá, títí ẹran náà fi rí ẹnu géètì tó sì já wọlé tọ ìyá rẹ̀. Kíá ló ti kanrí mọ́ ọmú.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, èmi ni mo kọjá kẹ́yìn. A ti rìn díẹ̀ kí àbúrò mi tó bojú wẹ̀yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ tì í?”

Mo mọ̀ pé mo tì í. Mo padà lọ fọwọ́ fa ṣéènì náà wò.