Ẹ jẹ́ kí program yín máa sọ ibi tó bá iṣẹ́ dé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ code, ẹ jẹ́ n sọ ohun tíṣẹ́ kọ́ mi nípa program méjì lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí ìkejì ń fi han èèyàn ibi tíṣẹ́ dé. Àárín àwọn méjèèjì ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Ẹ wo Python ná. Script yín ń print pásẹ́ǹtì, tẹ́ ẹ bá run ẹ̀ ní terminal ó ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan dáadáa, àmọ́ kí program míì kàn fi pipe (ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà látinú program kan bọ́ sínú òmíì) gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ báyìí, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu, ó dìgbà tíṣẹ́ bá fẹ́ẹ̀ parí kó tó da gbogbo ẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sóhun tó bàjẹ́ o. Tí Python bá ti rí i pé kì í ṣe terminal ló ń gbọ́ òun, ńṣe ló máa ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú buffer, ìyẹn àyè kékeré nínú memory, títí á fi kún. Ẹ fi flush=True sínú print yẹn, àbí kẹ́ ẹ fi python -u run ẹ̀, ó tán.

ffmpeg, program tí wọ́n fi ń yí fídíò àti ohùn padà, ló kọ́ mi jù. Ìlà tẹ́ ẹ máa ń rí lójú screen yẹn, frame báyìí, speed báyìí, ojú èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, ibì kan náà ló ń pa á rẹ́ tó tún ń kọ ọ́, ẹ má kọ code tó ń já ọ̀rọ̀ látinú ẹ̀. Ẹ fi -progress pipe:1 àti -nostats sí command yín, á máa to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, out_time=, ìyẹn ibi tó dé nínú fídíò, wà níbẹ̀, progress=continue ló fi ń parí ìròyìn kọ̀ọ̀kan, tó bá dórí èyí tó kẹ́yìn á kọ progress=end. Kò ní bá yín ṣírò pásẹ́ǹtì ṣá, ẹ̀yin lẹ máa fi ffprobe, program tó ń bá ffmpeg rìn, wo bí fídíò yẹn ṣe gùn tó kẹ́ ẹ wá fi gígùn yẹn pín out_time. Tẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ìṣẹ́jú tó ti ṣe, ẹ má purọ́ pásẹ́ǹtì fẹ́ni tí bátìrì ẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ á parí kó tó kú. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Pipe tẹ́ ẹ bá sì ṣí, ẹ máa kà á o! Lórí Linux, 65,536 bytes ló sábà máa ń gbà, tó bá kún tẹ́nì kankan ò kà á, program tó ń kọ̀wé sínú ẹ̀ á dúró gbagidi, ẹ̀yin náà á wá máa dúró dè é. stderr, ọ̀nà tí program ń gbà sọ àṣìṣe ẹ̀ síta, lèèyàn sábà máa ń gbàgbé.

Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ fẹ́ fi jíṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì míì nínú folder kan náà kẹ́ ẹ tó rename ẹ̀ sórí ti tẹ́lẹ̀, kẹ́ni tó ń kà á má baà bá ìdajì ọ̀rọ̀.

progress=end nìkan ò sì tó, ẹ dúró gba exit code, nọ́ńbà tí program fi ń sọ bóyá iṣẹ́ yọrí, tí kì í bá ṣe 0, ẹ má jẹ́ kí 100 hàn lójú ẹnikẹ́ni.