Wọ́n Ní Kí N Lọ Mú Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀

Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Abuja. Nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ wá, torí ẹni tó dé ìlú tí kò ní ẹbí, ará ìjọ ni yóò di ẹbí rẹ̀. Mo rí ọ̀kan ní Kubwa tó ń ṣe ìsìn Yorùbá láàárọ̀ kùtù. Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ bá ọ̀gá akọrin, mo ní mo fẹ́ máa ta jìtá. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Sísítà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn bọ̀dá ló ń ta jìtá."

Mo mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n fún ọdún méjì gbáko.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì ń bú ramúramù, mo rí fídíò Sister Rosetta Tharpe lórí fóònù mi. Manchester ni, lọ́dún 1964, ní ibùdó rélùwéè kan tí wọ́n ti pa tì. Òjò ń rọ̀. Obìnrin dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó wọ kóòtù bí ìyàwó olówó, ó gbé jìtá oníná funfun kọ́rùn, ó wá fi orin ìkún omi Nóà dá òjò náà lóhùn. Ìgbà tó dé ibi tó ti fi jìtá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, mo gbàgbé pé mi ò tíì jẹun. Mo wò ó títí bátìrì fi kú.

Ọmọ ìjọ ni Rosetta látilẹ̀. Cotton Plant ní ìpínlẹ̀ Arkansas ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1915, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ajíhìnrere tó ń ta mandolin, ohun èlò olókùn bíi jìtá kékeré. Lọ́dún 1944 ló gbé "Strange Things Happening Every Day" sí rẹ́kọ́ọ̀dù, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ orin kà mọ́ àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù rọ́ọ̀kì àkọ́kọ́. Ní 1944! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Elvis Presley, tí wọ́n wá ń pè ní ọba rọ́ọ̀kì, nígbà náà. Little Richard àti Johnny Cash, olórin ńlá méjèèjì, fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn jẹ nínú àwo rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún 2018 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sí ilé ìrántí àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ti kú fún bí ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó dùn mí fún ọ̀gá akọrin wa pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni jìtá obìnrin yìí ti wá.

Mo lọ ra jìtá tòkunbọ̀ ní ọjà Wuse. Ìyá mi pariwo lórí fóònù: "Owó ilé lo fi ra pákó?"

Láti ọ̀dọ̀ Rosetta ni mo ti ṣí lọ bá àwọn obìnrin olórin yòókù. Big Mama Thornton, tí ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbé "Hound Dog" jáde lọ́dún 1953, kí Elvis tó wá fi í di olówó ní 1956. Janis Joplin ńkọ́? Ẹ má bínú, ariwo rẹ̀ máa ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1970, ọdún tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó dá sí owó òkúta ibojì Bessie Smith, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká akọrin blues, ibojì tí kò ní àmì kankan látọjọ́ yìí. Nítorí ìyẹn nìkan, mo máa ń kí i.

Tina Turner ni tèmi. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn dídùn, ó há bíi ti ẹni tí ẹ̀bà gbígbóná jó lọ́fun, òun gan-an sì ni mo fẹ́. Ọkọ rẹ̀, Ike, ló sọ ọ́ ní Tina; Anna Mae Bullock lorúkọ tí ilé fún un. Nígbà tó sá kúrò lọ́dún 1976, sẹ́ǹtì mẹ́rìndínlógójì ló wà lápò rẹ̀. Nígbà tí ìkọ̀sílẹ̀ parí ní 1978, ó fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ fún ọkùnrin náà, orúkọ Tina yẹn ló ní òun ò ní fi sílẹ̀. Ó di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì kí orin rẹ̀ tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1984. Èmi náà ti lé lógójì. Ọjọ́ tó kú, 24 oṣù Karùn-ún 2023, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú mi ní Berger. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè nínú ọkọ̀. Àwọn tó ń ta píọ̀ wọ́tà ń wò mí.

Lọ́dún tó kọjá, ibi iṣẹ́ rán mi lọ sí Jos. Òtútù ibẹ̀ kò mọ ojú àlejò. Inú òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́rùn mi, tí mo ń gbọ́ "Danger" ti àwọn ìbejì Lijadu, ti 1976, tí mo wá kà pé Jos yìí gan-an ni wọ́n bí Táyé àti Kẹ́hìndé sí, lọ́dún 1948. Ìbejì Yorùbá! Mọ̀lẹ́bí Fela, tí wọ́n ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin lórí jìtá oníná, tí wọ́n sì bá Salt, ẹgbẹ́ olórin Ginger Baker, onílù ará Ìlú Ọba, ṣeré ní 1972. Ní Jos tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò tipẹ́, tí bàbá ìyá mi ti ta aṣọ, tí ìyá mi ti ṣe ọmọge.

Mo pè é.

"Màmá, ẹ mọ àwọn ìbejì Lijadu?"

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé wa.

"Ta ló sọ fún ọ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ nígbà yẹn. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan, lẹ́yìn Terminus, la ti máa ń fi rẹ́kọ́ọ̀dù wọn sí i. A ó ti ilẹ̀kùn pa."

A dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: "Jìtá tí o rà yẹn, ṣé ó ṣì ń dún?"

Mo ní okùn kan ti já láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

"O wá ń wò ó? Lọ ra okùn."